Kòkó Tí Ọ̀rẹ́ Mi Fi Ìró Wé Láti Bùràsíìlì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ bá mi dá sí i. Ọ̀rẹ́ tí mo fẹ́ràn jù lọ láyé wà láàyè, ìlú kan náà la jọ ń gbé ní Ìsẹ̀-Èkìtì, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí tèmi ju ibi tí ènìyàn lè sọ òkò dé lọ, ṣùgbọ́n bí òkú ni mo rí lójú rẹ̀. Bí a bá pàdé lọ́nà tí mo kí i, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ni yóò kí. Bí kò bá sí ẹnì kankan lẹ́yìn mi, yóò kí ewúrẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ojú mi ló ṣe! Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àga kan náà ni a jọ ń jókòó sí láti ìgbà tó ti di opó. Ní báyìí ó ti kó Bíbélì rẹ̀ lọ sáàárín àwọn akọrin, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí gbogbo ìjọ máa wò ó bó ṣe ń ṣi orin kọ, ju kí èjìká rẹ̀ kan tèmi lọ. Àwọn obìnrin àdúgbò náà ti fún mi lórúkọ. Ọ̀dàlẹ̀, wọ́n ní. Ẹni tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé òkè òkun, tí wọ́n jọ jẹ, tí wọ́n jọ mu, tó wá fà á lé ìjọba lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n padà dé.

Òótọ́ ni, mo fà á lé wọn lọ́wọ́. N kò ní parọ́ fún yín, nítorí irọ́ gan-an ni ó dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo ṣe é, bó bá sì tún di ọ̀la, n óò tún ṣe é. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi kò kúnlẹ̀ rárá, ìdúró ni mo wà tí mo fi ń rojọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó ṣe ohun tó tọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sunkún ni? Ṣé òdodo kì í dunni? Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó bá wọn pè mí lórúkọ yẹn.

Mo pẹ́ kí n tó mọ̀wé. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sílé ìwé, èmi ń ru iṣu àti kòkó láti oko bàbá mi wá sọ́jà. Mo ti bímọ tán kí n tó di lẹ́ẹ̀dì mú, abígbẹ̀yìn mi ló sì ń bá mi yẹ iṣẹ́ àmúrelé wò, tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kíláàsì àwọn àgbà, tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́, ni mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì pàdé. Ọ̀kan ni Ìyá Káyọ̀dé, ọmọ Èmùré, aláṣọ ni, ẹlẹ́rìn-ín ènìyàn ni, kò sí ọ̀rọ̀ tó le tí kò ní fi ẹ̀rín là. Èkejì ni Ìyá Ṣẹ́gun, ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọmọ Ìkẹ̀rẹ́ tí wọ́n fẹ́ wá sí Ìsẹ̀. Àwọn méjèèjì kọ́ ìwé dé ibi tí wọ́n fi lè ka Bíbélì, wọ́n ní ó tó. Èmi kò dúró. Mo ń lọ títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ ọ̀gbìn títí di òní. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó mọ̀wé kì í fi ìwé ṣeré. Ohun tí mo bá kà pé ó tọ́, mo máa ń fẹ́ ṣe é ni.

Ní kíláàsì yẹn ni olùkọ́ wa ti fi àwòrán ayé hàn wá lọ́jọ́ kan, tó ní kòkó tí Èkìtì fi kọ́lé, tí a fi rán ọmọ níwèé, kì í ṣe igi wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, pé ìhà Bùràsíìlì lọ́hùn-ún ni wọ́n ti gbé irú rẹ̀ wá. Ìyá Ṣẹ́gun nawọ́ sókè. Ó ní, "Ṣé èèyàn lè débẹ̀ lọ wò ó?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi á débẹ̀." Èmi àti Ìyá Káyọ̀dé ní bó bá ń lọ, àwa náà ń bá a lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni nígbà náà.

Kí ẹ lè mọ ohun tó gbé kòkó sí i lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti oko rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fi oko kòkó sílẹ̀ fún un lójú ọ̀nà Èmùré. Bàbá ọkọ ló gbin púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn igi náà ti di arúgbó, èso wọn a sì máa dúdú lórí igi kó tó pọ́n. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: níwọ̀n ìgbà tí kòkó bá ṣì wà lórí ilẹ̀, opó lè di oko ọkọ rẹ̀ mú fún àwọn ọmọ, igi ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ọjọ́ tí igi bá tán, ẹbí á ní ilẹ̀ ti ṣófo, wọ́n á sì tún un pín. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ síta. Ó ní, "Ìyàwó wa, bí kòkó yìí kò bá so nǹkan tó ṣeé rí, a óò gé e, a óò fi ẹ̀gẹ́ síbẹ̀." Ọmọ kan ṣoṣo ni Ìyá Ṣẹ́gun bí, ọmọ náà kò sì tíì rí ọ̀nà jíjẹ tó dúró. Oko yẹn ni gbogbo ohun tó ní láti fi lé e lọ́wọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí n kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀rẹ́ mi jẹ́ òmùgọ̀ tàbí olójúkòkòrò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Káyọ̀dé, ọmọ Ìyá Káyọ̀dé, ń ṣiṣẹ́ ní Sao Paulo. Ọlọ́run bù kún un, ó sì ní kí ìyá rẹ̀ wá wo ibi tí òun wà. Ìyá rẹ̀ ní òun kò lọ bí kì í bá ṣe pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ òun méjèèjì. Èmi ni mo kọ́ Káyọ̀dé ní A, B, D. Ilé Ìyá Ṣẹ́gun ló sì ti ń jẹun bí ìyá rẹ̀ bá lọ sọ́jà aṣọ. Ọmọ náà kò janpata. Ó ní òun á mú wa rìn bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń rìn níbẹ̀, báàgì lẹ́yìn, ọkọ̀ akérò láti ìlú dé ìlú, ilé àlejò olówó pọ́ọ́kú, kí a lè rí ẹranko wọn, kí a sì rí etíkun wọn. Àwa ìyá àgbà mẹ́ta, báàgì lẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé! Nígbà tí Ìyá Káyọ̀dé gbé tirẹ̀ kọ́, ó ní, "Ọmọ la ti ń pọ̀n tẹ́lẹ̀, ẹrù la wá ń pọ̀n báyìí." Káyọ̀dé ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀já dì í o." Kò gbọ́. Ó fi ọ̀já dì í, ó ní báàgì náà ń mì. Àwọn òyìnbó tó wà nínú ilé àlejò ń ya àwòrán rẹ̀.

A kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ àbàtà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Pantanal. Omi ni lọ́tùn-ún, omi ni lósì, ọ̀nì sì tẹ́ ara wọn sétí omi bí igi ìdáná tí a sá sóòrùn. Àwọn ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó dà bí odídẹ, ṣùgbọ́n aró ni Ọlọ́run fi kùn wọ́n látòkè délẹ̀, wọ́n sì ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Nígbà tó yá ni ẹranko kan jáde láti inú koríko pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá Ṣẹ́gun di ọwọ́ mi mú. "Tíṣà! Òyà rèé! Òyà tó ga tó ewúrẹ́!" Kò kúkú jọ ohun mìíràn: imú òyà, eyín òyà, ìjókòó òyà, àfi títóbi rẹ̀. Ìyá Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹran náà lójú òfuurufú, itan fún pásítọ̀, àyà fún òun. Káyọ̀dé ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa á, òfin ni. Ìyá rẹ̀ ní, "Òfin tí kò jẹ́ kí èèyàn jẹ òyà!" A rẹ́rìn-ín títí ẹranko náà fi bọ́ sómi. Ṣùgbọ́n inú tèmi dùn sí i. Mo fẹ́ràn ilẹ̀ tó lè sọ fún ènìyàn pé má fọwọ́ kàn án, kí ẹran sì dúró níwájú ọlọ́bẹ̀ láìbẹ̀rù. Níbo ni òyà wa wà lónìí? A ti jẹ ẹ́ tán, a wá ń ra èyí tó gbẹ bí igi lẹ́bàá títì.

Láti ibẹ̀ ni a ti wọ ọkọ̀ lọ sí etíkun Bahia. Ìrìn náà jìnnà, ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n nígbà tí òkun yọ sí wa láàárín àwọn igi àgbọn, mo gbàgbé ẹ̀yìn. N kò ní tan yín, aṣọ tí àwọn ènìyàn wọ̀ sétí òkun yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Okùn ni, kì í ṣe aṣọ. Mo sọ ọ́ jáde. Ìyá Ṣẹ́gun ní, "Tíṣà, omi ni wọ́n ń lọ wẹ̀, kì í ṣe ìsìn ni wọ́n ń lọ." Òun ló kọ́kọ́ ká ìró rẹ̀ dé orúnkún tó wọ inú omi lọ, tó ń pariwo bí ọmọdé ní gbogbo ìgbà tí ìgbì bá gbá a. A rí ibi tí wọ́n ṣọgbà yí ẹyin ìjàpá òkun ká nínú iyanrìn. Ìjàpá náà ti lọ, kò mọ̀ pé àwọn ènìyàn tí òun kò mọ̀ rí ń ṣọ́ ọmọ òun. Ìyá Ṣẹ́gun dúró síbẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Ẹlòmíràn ń ṣọ́ ọmọ fún ìjàpá. Èmi, àwọn tó yẹ kó bá mi ṣọ́ oko ló fẹ́ gé e." Mo di èjìká rẹ̀ mú. Nínú gbogbo ìrìn àjò yẹn, bí mo bá rántí ìgbà tí a fẹ́ràn ara wa jù, ọjọ́ yẹn ni.

Kò jìnnà sí etíkun yẹn ni oko kòkó wà. Káyọ̀dé bá bàbá àgbàlagbà kan tó ni ín sọ ọ́, ó sì gbà kí a wá. Ẹ̀yin ará mi, n kò rí irú oko bẹ́ẹ̀ rí. Abẹ́ igbó ńlá ni wọ́n gbin kòkó sí, wọn kò gé àwọn igi àtijọ́, àwọn ọ̀bọ kéékèèké tó ní irun wúrà lọ́rùn bíi ti kìnnìún sì ń fò kiri lókè. Bàbá náà la kòkó fún wa. Ìyá Ṣẹ́gun mu omi dídùn inú rẹ̀, ó ja ewé, ó kó àwọn kóró rẹ̀ sórí ewé náà, ó sì gbé e sídìí igi fún olóko, bí a ti ń ṣe nílé bí òùngbẹ bá gbẹ wá nínú oko olóko. Bàbá náà wò ó, ó bi Káyọ̀dé ohun tó ń ṣe. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

Bàbá yìí ló mú wa dé ìdí igi kan tí ẹ̀ka rẹ̀ wú, tó yọ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ púpọ̀ lójú kan, tó gbẹ, tó sì so kọ́ bí ìgbálẹ̀. Ó ní ìgbálẹ̀ àjẹ́ ni wọ́n ń pè é lédè wọn. Ó ní àrùn náà wọ ilẹ̀ àwọn nígbà kan, kòkó run láti oko dé oko, àwọn olóko sá, àwọn lébìrà sùn lébi, ọ̀pọ̀ ilé ńlá sì wà tí ilẹ̀kùn wọn jẹrà sára ògiri títí di òní. Ó ní afẹ́fẹ́ ń gbé e, èso ń gbé e, ọwọ́ ènìyàn pàápàá ń gbé e. Lẹ́yìn náà ó fi àwọn igi mìíràn hàn wá, irú tuntun tó ń rí àrùn náà tí kì í kú, èso kún ara wọn láti ìdí dé orí. Ojú Ìyá Ṣẹ́gun dúró sára àwọn igi yẹn. Èmi ń wo igi tó ní ìgbálẹ̀. Òun ń wo èyí tó so. Nígbà tí a ń lọ, bàbá náà fún wa ní èso mélòó kan pé kí a máa jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí a ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí Sao Paulo ni mo tún rí èso wọ̀nyẹn. Mo ń bá Ìyá Ṣẹ́gun ká aṣọ ni ọwọ́ mi kan ìró àdìrẹ kan tó wúwo. Mo tú u. Kòkó ni, kò jẹ ẹyọ kan. Mo ní, "Ìyá Ṣẹ́gun, kí lèyí?" Kò ṣojo. Ó ní, "Irúgbìn mi ni." Mo ní ṣé kò gbọ́ ohun tí bàbá yẹn sọ ni? Ó ní òun gbọ́ ọ dáadáa, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. "Igi tó rí àrùn tí kò kú, ṣé òun kọ́ ló yẹ kí n gbìn?" Mo ní igi lè má kú kó sì gbé àrùn náà sára, bí ẹni tó gbé ikọ́ wọ ilé tí òun fúnra rẹ̀ kò wúkọ́. Mo ní àrùn yìí kò sí nílé wa. Bó bá dé, kì í ṣe oko rẹ nìkan. Oko Ìsẹ̀ ni, oko Èmùré ni, ó lè dé Ògòtún. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, kòkó tó wà nílé, ta ló gbé e wá? Ṣé kì í ṣe ẹni tó fi nǹkan wé e bí mo ti ṣe yìí? Ká ní ìwọ wà ní ẹnubodè lọ́jọ́ náà, ṣé Èkìtì á rí kòkó jẹ?"

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ gidi ni? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó mú lẹ́nu kì í ṣe òótọ́ nítorí pé ó mú. Mo ní ẹni tó gbé e wá nígbà náà kò mọ̀. Àwa mọ̀, wọ́n mú wa dé ìdí igi, wọ́n fi hàn wá. Ìyá Káyọ̀dé dá sí i, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tètè lọ, ọkọ̀ ń dúró." Ìyá Ṣẹ́gun kó ìró náà, ó ní òun á lọ jù wọ́n nù. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì padà pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Mo ní kó fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí. Ó fi orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú búra. Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Nínú bàálù tó gbé wa bọ̀ wálé, kò jẹ́ kí wọ́n gbé báàgì rẹ̀ sókè. Orí ẹsẹ̀ ló gbé e lé, ó sì fi apá yí i ká títí oorun fi gbé e. Mo fẹ́ fa aṣọ bò ó ni ọwọ́ mi fi kan ẹ̀gbẹ́ báàgì náà. Ọmọ olóko kòkó ni mí. Kò sí bí wọn ṣe lè wé èso kòkó tí àtẹ́lẹwọ́ mi kò ní dá a mọ̀. Nígbà tó jí, mo rọra sọ fún un, "Sọ òótọ́ fún mi." Ó ní, "Òótọ́ wo? O ti wá ń yẹ̀ mí lẹ́rù wò?" Mo ní ó ṣì lè fà á fún àwọn òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí a bá dé, pé èmi á dúró tì í. Mo ní bí wọ́n bá bi mí, n kò ní parọ́. Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan. Ó ní, "Ta ni yóò bi ọ́?"

Wọ́n bi mí. Nígbà tí a dé Èkó, obìnrin kan lára àwọn tó ń yẹ irúgbìn àti oúnjẹ wò dá wa dúró, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ gbé èso, irúgbìn tàbí ewé kankan bọ̀?" Ìyá Ṣẹ́gun ní, "Rárá o, ọmọ mi. Aṣọ àti bàtà ni." Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Ẹ jọ dé ni?" Mo rí ojú Ìyá Káyọ̀dé tó ń bẹ̀ mí. Mo rí ọwọ́ Ìyá Ṣẹ́gun lórí báàgì, ọwọ́ kan náà tó di ọwọ́ mi mú lẹ́bàá omi Pantanal. Mo sì rí gbogbo oko tó wà láti Ìsẹ̀ dé Èmùré, tí àwọn tó ni wọ́n kò mọ ohun tó wà nínú ìró. Mo ní, "Èmi kò gbé nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kòkó wà nínú báàgì ọ̀rẹ́ mi."

Wọ́n kó o. Wọ́n bá a wí, wọ́n ní sísun ni wọ́n máa sun ún, wọ́n sì ní kó máa lọ. Kò bú mi. Ìbá sàn ká ní ó bú mi! Ó kàn ká ìró òfìfo náà, ó gbé e lé èjìká, ó sì wò mí. "O ti gé oko mi," ó ní, "kí àwọn ará ulé ọkọ mi tó gé e." Láti Èkó dé Ìsẹ̀, fèrèsé ọkọ̀ ló kọjú sí, ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Ìyá Káyọ̀dé jókòó sáàárín wa.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi tàn ká. Àbúrò ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó sì gé apá tó kọjú sí títì, ó fi ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó bí mi nínú jù: ọkùnrin yìí wá sílé mi, ó gbé iṣu wá, ó ní òun wá dúpẹ́ pé mo bá àwọn dá ìyàwó àwọn lẹ́kun. Dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Èdè olùkọ́ kúrò lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Gbé uṣu rẹ kúrò ní ulé mi." Ó ní kí ló dé. Mo ní torí kòkó gbogbo ayé ni mo fi sọ̀rọ̀, n kò sọ̀rọ̀ nítorí ẹ̀gẹ́ rẹ. Ó ń gbé iṣu rẹ̀ lọ tó ń kùn, pé ìwé ti da orí mi rú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé òdodo mi jẹ́ ọ̀bẹ tí òun lè yá lò, ó ṣìnà.

Èmi náà mọ̀ pé ẹni tó bá gba irúgbìn lọ́wọ́ ẹni tó ń rì, ó yẹ kó wá nǹkan mìíràn fi sí i lọ́wọ́. Mo lọ bá àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn, mo gba èso kòkó tuntun tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tó tètè ń so, mo sì gbìn wọ́n sínú ọ̀rá lẹ́yìnkùlé mi. Gbogbo wọn hù. Mo rán Ìyá Káyọ̀dé sí ọ̀rẹ́ mi pé tirẹ̀ ni. Ó ní òun kò fẹ́. Àwọn kan ní kí n kúkú lọ gbìn wọ́n sí oko náà fún un. Wọn kò ronú! Ṣé a kò mọ̀ lọ́dọ̀ wa pé ẹni tó bá fi ọwọ́ rẹ̀ gbin kòkó ló ni kòkó? Bí ọwọ́ mi bá kan ilẹ̀ yẹn, àbúrò ọkọ rẹ̀ á pe ẹbí jọ, á ní opó ti fi ilẹ̀ fún àjèjì, oko yóò sì bọ́ pátápátá. Ọwọ́ Ìyá Ṣẹ́gun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbìn ín, kí igi tuntun lè jẹ́rìí fún un bí ti àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òjò ń lọ sópin. Gbòǹgbò àwọn ọ̀gbìn náà ti ń gún ọ̀rá jáde. Àbúrò ọkọ rẹ̀ sì ti pọ́n àdá rẹ̀ fún ìyókù oko.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí, títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí Ìyá Káyọ̀dé yà sílé mi, tí ẹnu rẹ̀ ń rìn ín bí ẹni tó di ẹ̀rín sẹ́nu. Ó ní wọ́n rán òun níṣẹ́. Mo ní ta ló rán an? Ó ní, "Ọ̀rẹ́ wa ni. Ó ní kí n sọ fún ọ pé omi tí o ń bu sí kòkó yẹn ti pọ̀ jù. Ó ní ewé ìsàlẹ̀ ti ń pọ́n. Ó ní tíṣà ni ọ́, o kì í ṣe àgbẹ̀." Mo jáde lọ wò ó. Òótọ́ ni, ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó: ògiri ló yí ẹ̀yìnkùlé mi ká, ọ̀gbìn náà kò sì ga ju orúnkún lọ. Ẹni tó bá rí ewé ìsàlẹ̀ wọn ti wọlé, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti fi ọwọ́ yẹ̀ wọ́n wò nígbà tí mo wà nílé ìwé.

Mo ti dín omi kù. Ní báyìí, ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọ̀rẹ́ jà rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má ní kí n lọ sọ pé mo ṣẹ̀ ẹ́, n kò ní sọ bẹ́ẹ̀, òun gan-an kò ní gbà á gbọ́ lẹ́nu mi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: ṣé kí n ru ọ̀gbìn yìí lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́la, kí n dúró síbẹ̀ títí yóò fi kí mi tàbí kó kí ewúrẹ́? Àbí kí n fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé mi sílẹ̀ láìtì bí mo bá ń lọ sílé ìwé, kí n sì gbé ọkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn? Ẹ tètè dá mi lóhùn, nítorí òjò tó kù kò pọ̀ mọ́.